Òkè Olympus Lẹ́nu, Òkè Patti Lójú

Ẹni tó bá gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja á rí ibi tí Odò Ọya ti pàdé Odò Bẹ́núé. Ilé ìsinmi Lugard ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gun òkè náà lọ wò. Àmọ́ odò tó wà nísàlẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn bí ìmọ̀ ìṣègùn kan ṣe jáde nínú àpótí oògùn, tó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rántí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Albert, Wilberforce àti Soudan, wọ Odò Ọya. Samuel Ajayi Crowther wà lára àwọn tó bá wọn lọ. Wọ́n fẹ́ dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, ṣùgbọ́n ibà ò jẹ́. Nínú nǹkan bí 150 òyìnbó tó wà nínú àwọn ọkọ̀ náà, ó lé ní 40 tó bá a lọ. Kì í kúkú ṣe pé wọn ò ní oògùn. Láti ọdún 1820 ni Pelletier àti Caventou ti yọ kìnínì jáde lára èèpo igi ní Paris, kìnínì sì wà nínú ọkọ̀. Ìgbà tí ibà bá ti wọlé síni lára tán ni wọ́n ń lò ó, olúkúlùkù dókítà sì ń lò ó bó ṣe yé e.

Ọ̀kan lára àwọn dókítà ìrìn àjò náà, T. R. H. Thomson, fi ara rẹ̀ dán kìnínì wò, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1846. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alexander Bryson, dókítà àwọn ológun ojú omi, dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa lò ó kí ibà tó dé. Nígbà tí William Balfour Baikie kó ọkọ̀ Pleiad wọ odò yìí ní 1854, ó sọ ọ́ di òfin: kìnínì láàárọ̀, kìnínì nírọ̀lẹ́, ara ì báà yá, ara ì báà má yá. Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò lórí odò, ibà kò sì pa òyìnbó kan. Nígbà tó yá, Baikie padà wá fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùdó.

Oògùn kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n ti so ó mọ́ òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í gbàgbé. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn: ìmọ̀ ìṣègùn tí kò bá rí ohun tó máa dì mọ́ lọ́kàn ènìyàn, bí ẹni pé kò sí ni.

Bí ìmọ̀ náà ṣe ń pọ̀ sí i, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti há sórí náà ń pọ̀ sí i. Ní 1778, Sömmerring ní Jámánì to àwọn iṣan tó jáde láti inú ọpọlọ sí ẹsẹẹsẹ, méjìlá lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì. Orúkọ Látìn àti Gíríìkì ni wọ́n ń jẹ́, wọn kì í sì í dúró lórí bọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ wá hun gbólóhùn kan nípa Òkè Olympus ti ilẹ̀ Gíríìsì, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì bá lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ iṣan kọ̀ọ̀kan mu. Títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja lè máa wo Òkè Patti lókèèrè, kó sì jẹ́ Òkè Olympus ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọgbọ́n yẹn dára, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa náà ní irú rẹ̀, tiwọn sì jinlẹ̀ ju lẹ́tà lásán lọ. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó tẹ Ifá ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ àwọn babaláwo àti onísẹ̀gùn. Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé Ọ̀sanyìn jáde ní 1967. Ìwé ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní Brazil ní 1995, àkójọ oògùn tó lé ní 400 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó kíyè sí i pé nínú ọfọ̀ tó ń bá oògùn rìn, ọ̀rọ̀ ìṣe kúkurú kan sábà máa ń wà tó bá ìró orúkọ ewé náà mu, ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn ló sì ń sọ iṣẹ́ tí ewé fẹ́ ṣe. Wo abámọdá: «dá» wà nínú orúkọ rẹ̀, ohun tí a bá sì ní kó dá ló ń dá. Wo àlùpàyídà: iṣẹ́ yíyí nǹkan padà ti hàn lórúkọ. Wo ọ̀dúndún: ìró rẹ̀ ń pe «dùn». Bí ọmọ awo bá gbàgbé iṣẹ́ ewé, orúkọ á rán an létí. Bó bá gbàgbé orúkọ, ọfọ̀ á mú un wá. Oògùn kọ̀ọ̀kan tún ní Odù tó wà lábẹ́ rẹ̀ láàárín 256, nítorí náà ó ní ibi tí a ti lè wá a.

Àyẹ̀wò ni yóò sọ ewé tó ń wo àrùn àti èyí tí kò wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú ìmọ̀ yẹn kò lábùkù. Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, mọ ìwúlò irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe máa po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì ni wọ́n ní kí wọ́n fi wọn omi. Wọn ò dárúkọ mìlílítà fún wọn. Lónìí, ORS inú ọ̀rá àti síǹkì ló dára jù, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ṣì rántí ìgò yẹn.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ báyìí tó ń dúró de ọgbọ́n yìí: àrùn rọpárọsẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1998, àwọn dókítà fi lẹ́tà mẹ́rin, FAST (ojú, apá, ọ̀rọ̀, àkókò lédè Gẹ̀ẹ́sì), kọ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ aláìsàn ní àmì rẹ̀. Lẹ́tà yẹn kò sọ ohunkóhun fún ìyá tó ń ta ẹja létí odò ní Lọ́kọ́ja. Bí a bá hun àwọn àmì náà bí ọlọ́fọ̀ ṣe ń hun ọfọ̀, a lè sọ pé: Ẹnu wọ́, apá rọ, ọ̀rọ̀ lọ́, ilé ìwòsàn yá! Wọ́, rọ, lọ́: ìró fáwẹ́lì kan náà, àmì mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì ti tó láti sáré. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ kì í sábà wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, nítorí náà ẹni tó ní ká di òwúrọ̀ ọ̀la ti pẹ́ jù.

Mo rọ àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn àgbà tó gbọ́ ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ́rọ̀, Yàgbà, Ìjùmú, Owé àti Bùnú dájú pé kí wọ́n jókòó pọ̀, kí wọ́n hun irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, fún ọmọ tí ibà gbé gìrì sí lára. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọjà àti ibùdókọ̀, kí wọ́n ní kí awakọ̀ àti ìyá ọlọ́jà sọ ọ́ padà. Èyí tí wọn ò bá lè sọ láìṣì, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un hun.