Ìwé Ìwáṣẹ́ Olùtọ́jú Ọmọ

Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí obìnrin padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 6 tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Bí ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ fi díẹ̀ kún un, ọjọ́ á pé. Ìyá ọmọ tí kò ní ìyá tàbí ìyá ọkọ nítòsí, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Àbújá, ní Èkó àti ní Port Harcourt, yóò wá fi ọmọ ọwọ́ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Ohun tí ó sì lè kọ́kọ́ rí, kí ó tó rí ojú ẹni náà, ni ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ń wá iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ, ìbáà ṣe nínú ilé tàbí ní jẹ́léósinmi, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ju èyí lọ: ‘Olóòótọ́ ni mí, n kì í ṣe ọ̀lẹ, mo sì fẹ́ràn ọmọdé.’ Ta ni yóò kọ̀wé pé òun kò fẹ́ràn ọmọdé? Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìyá tí ń kà á kò rí ohun tí yóò dì mú nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni iye ọmọ tí ẹ ti tọ́jú, ọjọ́ orí wọn, ìgbà tí ẹ fi ṣe é, àti iṣẹ́ òòjọ́ yín níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọmọ ọdún 4 í bójú tó lè má mọ bí a ṣe ń fọwọ́ ti ọrùn ọmọ oṣù 2. Ẹ wo bí gbólóhùn yìí ti yàtọ̀: ‘Láti oṣù kẹta ọdún 2021 títí di oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo tọ́jú ìbejì láti ìgbà tí wọ́n ti pé oṣù 3, mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń se oúnjẹ wọn, mo sì ń kọ àkókò tí wọ́n lo oògùn sílẹ̀ fún ìyá wọn.’ Kò sí ìyangàn níbẹ̀, síbẹ̀ a rí iṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní àwọn kò ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Ẹ̀gbọ́n tí ó tọ́ àbúrò 3 nígbà tí ìyá wọn ń ná ọjà ti ṣe é. Kí ó kọ ọ́, kí ó sì sọ pé a kò san owó fún òun. Bí ẹ bá gbọ́ Haúsá, Ígbò tàbí èdè mìíràn mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ ìyẹn pẹ̀lú, nítorí àwọn òbí wà nílùú ńlá tí ń wá ẹni tí yóò máa bá ọmọ wọn sọ èdè ilé. Ẹgbẹ́ Red Cross ilẹ̀ wa ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, irú èyí tí a ń ṣe bí oúnjẹ bá há ọmọ lọ́fun. Ìlà kan nípa ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí ẹ kọ́ ọ, wúwo ju odidi ojú ìwé tí ó kún fún ìyìn ara ẹni.

Ẹ kọ ọjọ́ ìbí yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fẹ́ kí a fi ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀, agbanisíṣẹ́ tí ó mọ òfin yóò sì béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ nọ́ńbà NIN yín sínú ìwé tí ẹ ń pín káàkiri. Ẹ mú un dání lọ́jọ́ tí a bá pè yín. Ẹ má sì kọ orúkọ ọmọ tí ẹ tọ́jú tàbí àdírẹ́sì ilé òbí rẹ̀. Ìyá tí ó bá rí i yóò máa rò ó pé, lọ́jọ́ mìíràn, ti ọmọ òun ni àlejò yóò máa kà.

Ojú ìwé kan tó. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi orúkọ ẹni 2 tí ó lè jẹ́rìí yín sí, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù wọn, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ẹ bá ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ wọn. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá pe nọ́ńbà náà, tí ẹni tí ó gbé e ní òun kò rántí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kò ní pè lẹ́ẹ̀kejì.