Ọkọ̀ Tí Ó Súnmọ́ Ilẹ̀: Yíyan Sípíríǹgì àti Ṣọ́ọ̀kì ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ní ìkòríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Òrẹ̀ àti Bìní ti yà kúrò lára ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó yẹ kí ènìyàn fi ara balẹ̀ wò. Ọ̀kan ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya. Olówó rẹ̀ ti fi irin pẹlẹbẹ kún irin pẹlẹbẹ lábẹ́ rẹ̀ kí ìdí rẹ̀ má baà wọlẹ̀. Èkejì ni ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn méjì tí a ṣe fún eré, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rà á fẹ́ kí ó rẹlẹ̀ ju bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi í sílẹ̀ lọ. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan. Bí ọkọ̀ bá rẹlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ a súnmọ́ ilẹ̀, kì í sì í fì púpọ̀ ní kọ́nà. Ohun tí ó dára ni ó ń wá. Ọ̀nà tí ó ń gbà wá a ni ó ń kó bá ènìyàn.

Ọ̀nà tí kò náni lówó, tí ó sì burú jùlọ, ni kí wọ́n gé sípíríǹgì. Ọ̀pọ̀ rò pé bí sípíríǹgì bá ti kúrú, yóò rọ̀ sí i. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí sípíríǹgì bá ní ìká mẹ́fà tí ó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì gé ọ̀kan kúrò, márùn-ún tí ó kù yóò fi ìdá 20 nínú 100 le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí nìkan ìbá ṣeé fara dà, bí kò bá sí ti iná. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń fi irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ rọ àdá mọ̀ pé irin tí ó bá pọ́n nínú iná, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó tutù fúnra rẹ̀, a máa rọ̀. Èyí tí wọ́n bá tì bọ omi a le, ṣùgbọ́n ó lè kán. Iná gáàsì tí wọ́n fi gé sípíríǹgì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n ti gé e, láìsí ẹni tí ó díwọ̀n rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni yóò sì jókòó lé.

Ìbéèrè tí àwọn òǹwòran lè béèrè ni pé, irú sípíríǹgì wo ni kí ó rà nígbà náà? Èyí tí wọ́n rọ ní kúkúrú láti ilé iṣẹ́ ni, kí ó sì le díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ká ní àyè sẹ̀ǹtímítà 8 ni táyà ní láti gòkè kí ó tó kan ìdènà. Bí ọkọ̀ bá fi 3 wálẹ̀, 5 ni ó kù, kòtò ojú ọ̀nà kò sì dín kù. Líle sípíríǹgì ni yóò dí àyè tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra: sísanra wáyà sípíríǹgì kì í ṣe ohun àfojúdá. Bí ó bá kúrò ní mìlímítà 12 dé 13, tí ohun gbogbo yòókù kò yàtọ̀, sípíríǹgì náà yóò fi nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 le sí i.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò dá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń pa fífò rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ṣọ́ọ̀kì ògbólógbòó kò lè mú sípíríǹgì tuntun tí ó le. Ọkọ̀ yóò máa ta, táyà yóò máa fi ilẹ̀ sílẹ̀, bíréèkì kò sì lè dá táyà tí kò fi ara kan ilẹ̀ dúró. Bí ṣọ́ọ̀kì bá sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ, yóò ti wọ inú ara rẹ̀ tán kí ọkọ̀ tó dé kòtò. Kí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà títí táyà yóò fi rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ mi sípíríǹgì wò. Bí ó bá ń yí ní ìjókòó rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì náà gùn jù fún un. Tòkùnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò rà, kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀, bí wọ́n bá ti lè rí méjì tí ó bára mu, tí ọ́ìlì kò sì jò lára wọn.

Ó tún ku ìwọ̀n tí ó yẹ kí ọkọ̀ fi wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń lo ètò tí Earle MacPherson, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀, èyí tí Ford fi sí abẹ́ ọkọ̀ Consul ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950. Nínú ètò yìí, apá irin kan wà nísàlẹ̀ tí ó di táyà mú. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀ jù, tí orí apá náà lápá táyà wá ga ju ìdí rẹ̀ lọ, ojúkò tí ara ọkọ̀ ń fì yí ká yóò yára wálẹ̀ ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà fì yóò wá máa fì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 tó ọkùnrin, pàápàá fún ẹni tí yóò gun òkè bọ́m̀pù kan kí ó tó wọ àárín ìlú Ìkẹ́nnẹ́.

Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ, ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988; ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí mẹkáníìkì bá parí iṣẹ́, kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń to ojú táyà, nítorí ọkọ̀ tí ó wálẹ̀ ti yí ìdúró táyà padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí olówó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ wo etí táyà lápá inú. Bí ibẹ̀ bá ti ń dán ju ẹ̀gbẹ́ òde lọ, kí ó padà lọ bá wọn.