Ibi Tí Ẹsẹ̀ Lè Gbé Wa Dé ní Àbújá

Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ rìn dé ibi àpèjẹ ní Àbújá, tí wọ́n sì bi í pé ọkọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ó lè rẹ́rìn-ín, kó ní "Legedez Benz" lòun gbé wá. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà tí a fi ń bo ìtìjú ni. Ọ̀rọ̀ kejì tí gbogbo wa ń lò, "tírẹ́ẹ̀kì", tún le jù ú lọ. Lẹ́nu àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìrìn gígùn tó nira ni, bíi ti ẹni tó ń gun òkè. Lẹ́nu tiwa, kéèyàn rìn dé òpin àdúgbò lọ ra búrẹ́dì ti di tírẹ́ẹ̀kì. Ìmọ̀ èdè ni mò ń kọ́, mi ò sì lè gbójú fo irú èyí: a ti fi orúkọ ìyà pe iṣẹ́ ẹsẹ̀.

Owó ló mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di ₦537 nílé epo NNPC ní Àbújá. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Owó kẹ̀kẹ́ àti takisí náà gòkè tẹ̀lé e.

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè rin kìlómítà 1 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀, torí pé ó ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn kù. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: bí ibi iṣẹ́ yín bá jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú 15, àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ 5 ti pé 150 géérégé. Ẹ ò san kọ́bọ̀ fún ilé eré ìdárayá kankan.

Fún àwa tí a ń tọ́mọ jìnnà sílé, èrè mìíràn wà níbẹ̀ tí mo kà sí ju owó lọ. Nínú ọkọ̀, rédíò ń pariwo, awakọ̀ ń bínú, ọmọ ń wo fóònù. Lójú ọ̀nà ilé ìwé, ọwọ́ ọmọ wà lọ́wọ́ yín, ẹnu yín sì ṣófo. Èdè Yorùbá tí kò ráyè láàárín Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì lè ráyè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka ọkọ̀ pupa láti oókan dé ogún. Ẹ bi í léèrè orúkọ igi: máńgòrò nìyí, dóńgóyárò nìyẹn. Bí màlúù bá ń kọjá, lékeléke á wà nítòsí, ẹyẹ tí àwọn ọmọdé ilé wa ń bẹ̀ pé kó fún àwọn ní èékánná funfun. Ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀, 20 lọ́sàn-án: kíláàsì Yorùbá mélòó ló gùn tó bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀nà Àbújá kò fi bẹ́ẹ̀ rò ti ẹlẹ́sẹ̀. Títì fẹ̀, ọkọ̀ ń sáré, àwọn èèyàn sì ń gé márosẹ̀ Kubwa àti ti pápákọ̀ òfúrufú kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ní bí eré ọkọ̀ bá ti kúrò ní kìlómítà 50 sí 65 ní wákàtí kan, ewu pé ẹlẹ́sẹ̀ tó gbá á kú di ìlọ́po 4.5. Nítorí náà, mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí ìrìn yín bá máa gé márosẹ̀ níbi tí kò sí afárá ẹlẹ́sẹ̀, ẹ wọkọ̀.

Ọ̀nà kan ò sáà wọ ọjà. Ọ̀nà tó gba inú àdúgbò kọjá lè fi ìṣẹ́jú 5 gùn sí i, òun ni kí ẹ gbà. Níbi tí kò bá sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, apá òsì ni kí ẹ rìn, kí ẹ lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí apá ọ̀tún la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Kí ọmọ wà lápá ibi tí ọkọ̀ kò sí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìrìn parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé "wáàn ṣáǹsì" ń ba àwọn tó ń wọ takisí lẹ́rù, ṣùgbọ́n òkùnkùn náà ní olè tirẹ̀.

Ti oòrùn kò gba àlàyé púpọ̀, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano tàbí Sokoto: ní oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, ẹ tètè jáde, ẹ mú omi dání. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó má fi agídí ṣe é.

Ti bàtà gíga ọ́fíìsì ńkọ́? Àwọn obìnrin ti yanjú ìyẹn tipẹ́. Ó wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́, sàlúbàtà ni wọ́n wọ̀ wá.