Ẹja Jíjẹ àti Májèlé: Ohun Tó Yẹ Kí Aboyún àti Ìyá Ọlọ́mọ Mọ̀

Ẹja dára lára. Ó ń fún ara lókun, ó sì ń jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ inú oyún dàgbà dáadáa. A kò kọ ìwé yìí láti lé yín sá fún ẹja. Ohun tí a fẹ́ ni kí ẹ mọ irú ẹja tí ẹ ń jẹ, omi tí wọ́n ti pa á, àti ohun tí wọ́n fi pa á.

Báwo ni májèlé ṣe ń dé inú ẹja?

Ọ̀nà méjì ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù.

Èkíní ni mẹ́kúrì. Èéfín èédú tí àwọn ilé iṣẹ́ ń jó àti omi ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà ń gbé e dé inú odò àti òkun. Ẹja kéékèèké á gbé e mì, ẹja ńlá á wá gbé ẹja kéékèèké mì. Ẹja tó bá tóbi, tó sì pẹ́ nínú omi, ni mẹ́kúrì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ní Minamata, ní orílẹ̀-èdè Japan, ilé iṣẹ́ kan da omi tó ní mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn tó ti ibẹ̀ wá. Àwọn ìyá tó jẹ ẹja ibẹ̀, tí àìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lára wọn, bí ọmọ tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ láti inú oyún.

Èkejì ni oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń dà sómi láti fi pa ẹja. Gammalin 20, tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó láyé ìgbà kan, wà lára rẹ̀. Lindane inú rẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá, ó sì ń kọlu ọpọlọ àti iṣan. Àwọn mìíràn ń fín ọ̀tapíàpíà sára ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Èwo ni kí ẹ jẹ?

Aboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú àti obìnrin tó ń retí oyún lè jẹ ẹja tí mẹ́kúrì rẹ̀ kéré lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ègé tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ọmọdé lè jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ègé tirẹ̀ kéré.

• Ẹ jẹ: Títọ́ọ̀sì, ṣàwá, sàdíìnì, epìyà, ẹja àrọ̀, edé.
• Ẹ yẹra fún: àkurákudà, swordfish, marlin, king mackerel.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ ka ara páálí dáadáa. Atlantic mackerel ni Títọ́ọ̀sì tí a mọ̀. King mackerel kì í ṣe òun.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni mẹ́kúrì fi ń kúrò lára. Nítorí náà, kí ẹni tó ń retí oyún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra kí oyún tó dé.

Lọ́jà àti ní ilé ìdáná

• Ẹ ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tó lè sọ ibi tó ti wá. Bí wọ́n bá ti yan ẹja tán, ojú kò lè mọ èyí tí wọ́n fi oògùn pa.
• Bí ẹ bá rí ẹja tó kú tó léfòó, ẹ má ṣà á, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣà á.
• Iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti álọ́ọ̀mù ń mú kí ara ẹja àrọ̀ má yọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè fọ májèlé kúrò. Sísè, dídín àti yíyan kò sì lè yọ mẹ́kúrì.
• Ẹ yọ ìfun, awọ àti ọ̀rá ẹja dànù. Èyí ń dín májèlé tó ń gbé inú ọ̀rá kù, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kí ẹ jẹ ẹja tí ẹ bá fura sí.
• Ẹ má fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tàbí táyà dáná yan ẹja.

Bí ara ẹnì kan kò bá yá lẹ́yìn tó jẹ ẹja

Bí ó bá ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí gìrì mú un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì: ọ̀rá inú wọn lè mú kí irú májèlé bíi lindane tètè wọ inú ara. Ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ di ẹja tó ṣẹ́kù sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, kí ẹ gbé e dání fún dókítà.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ jẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹja ńlá tí a ní kí ẹ yẹra fún lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ bá tún wá fún ìtọ́jú oyún.