Àwọn tó ń mú mọ́tò tuntun dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á

Ẹni tó bá dúró létí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí Ìṣẹrí Olówóra ti dojú kọ Berger, kò ní pẹ́ rí tírélà gígùn tó to mọ́tò sí òkè àti ìsàlẹ̀, tí ọ̀rá ṣì wà lára àga wọn. Ẹnu ọ̀nà Èkó ni ibẹ̀. Mọ́tò tó gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá tàbí Tin Can, tó ń lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Kàdúná, ẹ̀gbẹ́ Olówóra ló sábà máa ń gbà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí márosẹ̀ náà ní 1978. Ẹrù kì í sì í ṣe àjèjì ládùúgbò yẹn. Kí títì tó dé, kí rélùwéè tó dé, Odò Ògùn tó ṣàn gba Ìṣẹrí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń bá bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá sí ọ̀sà.

A mọ orúkọ àwọn tó ta mọ́tò láyé àtijọ́. William Akínọlá Dáwódù, ọmọ Èkó, ń kó o wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó ń tà á, ó sì ń tún un ṣe. A mọ àwọn olówó tó rà á pẹ̀lú. Àwọn tó mú un kúrò nínú ọkọ̀ òkun dé ilé ẹni tó ni ín ni ìtàn gbàgbé, mo sì gbà pé ìgbàgbé yẹn kò tọ́ sí wọn.

Omi ni ìṣòro àkọ́kọ́. Òkìtì yanrìn abẹ́ omi tó wà lẹ́nu ọ̀sà Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, nítorí náà Forcados ni wọ́n ti ń já ọ̀pọ̀ ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké. Ó di 1914, lẹ́yìn tí ìjọba ti fi òkúta mọ odi wọ inú òkun, kí àwọn ọkọ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èbúté Àpápá kò ṣetán títí di 1926.

Ní Àkrà, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èbúté níbẹ̀ tí ọkọ̀ òkun lè fara kan. Èbúté Tẹmà tó wà nítòsí kò tíì sí, 1962 ni wọ́n tó ṣí i. Ojú agbami ni ọkọ̀ òkun ń dúró sí. Àwọn atukọ̀ yóò so ọkọ̀ onígi méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò tẹ́ pákó lé e, wọn yóò sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí pákó náà, wọn yóò wá fi àjẹ̀ wà á la ìgbì já. Ọkọ̀ méjì gbọ́dọ̀ gun ìgbì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣáájú, mọ́tò di ti òkun, ẹ̀mí èèyàn sì lè bá a lọ. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn nìyẹn.

Orí ilẹ̀ ni ìṣòro kejì. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ ń ru mọ́tò tuntun, wọ́n á tú ìdajì rẹ̀ kí púpọ̀ lè gba inú wágùnnù kan. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni lọ́rì tó ń fa tírélà, tó ń ru mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wá gbilẹ̀. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, mọ́tò tuntun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún: awakọ̀ kan fún mọ́tò kan, nọ́ńbà oníṣòwò níwájú àti lẹ́yìn, ó di ọ̀nà òkè.

Awakọ̀ ṣáásì ló jìyà jù. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin gígùn nìkan ni àwọn ilé iṣẹ́ ìlú òyìnbó ń kó ránṣẹ́; kápẹ́ńtà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan bọ́dì rẹ̀ títí yóò fi di bọlẹ̀kájà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà á. Orí àpótí ni ẹni náà ń jókòó sí, kò sí òrùlé, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí gíláàsì tí yóò gba eruku àti òjò fún un. Irú iṣẹ́ yìí kò tíì tán: ṣáásì bọ́ọ̀sì àti ti akẹ́rù ṣì ń rìn bẹ́ẹ̀ lójú títì.

Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní ọ̀nà Badagry, Peugeot ní Kàdúná. Ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ òkun tó kó símẹ́ǹtì dí èbúté Èkó pa. Ó dé ibi pé bàálù ni wọ́n fi ń kó ẹ̀yà ara Peugeot wá láti ilẹ̀ Faransé. Bí wọ́n bá tò ó tán, awakọ̀ ló tún kù tí yóò mú un gba ọ̀nà jíjìn lọ bá oníbàárà.

Mọ́tò tòkunbọ̀, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, ní tirẹ̀ gba Kùtọnú. Àwọn awakọ̀ ń tò tẹ̀ lé ara wọn láti ibẹ̀ lọ sí bodè Sẹ̀mẹ̀, títí Nàìjíríà fi ní kí mọ́tò má gba bodè ilẹ̀ wọlé mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017. Àṣẹ kan ṣoṣo, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìhà kejì bodè.

Ìjọba ń ka mọ́tò tó wọlé, ó ń gba owó ibodè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń kọ iye tí mọ́tò tó sínú ìwé. Ó yẹ kí ẹni tó jókòó sórí àpótí lórí ṣáásì náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: ìbánigbófò tó bo ara rẹ̀, àga tó dúró ṣinṣin, bẹ́líìtì, àti òfin tí kò ní jẹ́ kí ó wà á lóru. Kò sí èyí tó pọ̀ jù fún un nínú wọn.