Ẹ̀rọ tó ń sọ wàrà di ìyẹ̀fun ló ń ṣe oògùn náà: Kí lèrè oníṣòwò Òkè-Ògùn níbẹ̀?

Bí obìnrin tó ń ta wàrà tútù ní Ṣakí kò bá tètè rí oníbàárà, kí ilẹ̀ tó ṣú ni ọjà rẹ̀ ti kan. Ṣùgbọ́n mílíìkì oníyẹ̀fun tó wà lórí àtẹ ẹnìkejì rẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìbàjẹ́. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní spray dryer ló sábà máa ń mú ìyàtọ̀ yìí wá. Ẹ̀rọ yìí kan náà làwọn tó ń ṣe oògùn ń lò, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀yin oníṣòwò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ náà máa ń fọ́n nǹkan olómi wẹ́wẹ́ bí ìrì sínú àgbá ńlá tí atẹ́gùn gbígbóná ń fẹ́ nínú rẹ̀. Nítorí pé ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kéré púpọ̀, kíá ni omi ara rẹ̀ ń gbẹ, tí ìyẹ̀fun á sì bọ́ sísàlẹ̀ kí ooru tó bà á jẹ́. Samuel Percy gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1872.

Ní ti oògùn, bí ìyẹ̀fun náà bá ṣe kéré tó ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìyẹ̀fun oògùn tí èèyàn máa fà sínú ẹ̀dọ̀fóró kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi márùn-ún nínú rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà ọ̀fun ló máa há sí. Èyí tó tún kéré ju ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní nanoparticle. Ó máa ń tètè yòrò, ó sì ń jẹ́ kí ara rí oògùn tí kì í fẹ́ yòrò nínú omi lò. Lọ́dún 2009, ilé-iṣẹ́ Büchi ní Switzerland gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde fún irú iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó dára kì í ta ọjà. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Exubera, ínsúlínì oníyẹ̀fun tí ilé-iṣẹ́ Pfizer ń tà fáwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Spray dryer ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ ohun èlò tí wọ́n fi ń fà á tóbi, owó rẹ̀ wọ́n, àwọn aláìsàn kò sì rà á. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2007, Pfizer ti kó o kúrò lọ́jà, ó sì jẹ wọ́n ní bílíọ̀nù 2.8 dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiwa. Nǹkan bíi lítà mẹ́jọ wàrà tútù ló ń di kìlógíráàmù kan ìyẹ̀fun. Ká ní ọgọ́rùn-ún màlúù Fúlàní ń mú lítà kọ̀ọ̀kan wá lójúmọ́, ìyẹ̀fun tó máa jáde kò ju kìlógíráàmù 12.5 lọ, ìyẹn ìdajì àpò kan. Ìyẹn ò tó ẹ̀rọ ńlá jẹ, bẹ́ẹ̀ ni iná àti epo ń dúró de owó. Abájọ tó fi jẹ́ pé ibùdó tí wọ́n ti ń kó wàrà jọ, tí wọ́n sì ń mú un tutù, ni ilé-iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO dá sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, tí ọkọ̀ á wá gbé e lọ sí Èkó.

Ohun tó kù fún oníṣòwò kékeré ni ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Àwọn tó ń lo spray dryer máa ń po maltodextrin, tí wọ́n lè fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe, mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbẹ kó lè bò ó. Ẹ̀gẹ́ kò sì wọ́n wa ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá fẹ́ ta sítáàṣì fún ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ní láti mọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ti òní má sì yàtọ̀ sí ti ọ̀la. Kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kó béèrè ohun tí NAFDAC ń fẹ́, kó sì rí oníbàárà kó tó yáwó.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń polówó ẹ̀rọ fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ta ni yóò ra ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde?