Ọmọdé lẹ́bàá adágún: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nípa ìgbafẹ́ ìsinmi ní Enugu

Láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà máa ń wà nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àsìkò yìí sì ni àwọn òbí máa ń kó ọmọ jáde nílé fún ìgbafẹ́. Ní ìlú Enugu, àwọn ibi tí ìdílé máa ń lọ kò ṣòro láti kà: adágún Nike, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ilé ìtura ńlá kan sí létí omi; igbó igi páìnì àti ihò àpáta tó wà ní Ngwo; àti Awhum ní ìjọba ìbílẹ̀ Udi, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta bíi ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ojú omi adágún kì í ru bí ti òkun. Òbí tí ìgbì òkun máa ń bà lẹ́rù ní Èkó lè rí omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ní Nike, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu méjì ni àwọn onímọ̀ ìlera máa ń tọ́ka sí nípa irú omi bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Èkíní kì í pẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Èkejì lè tó oṣù méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 fi hàn pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi káàkiri àgbáyé ní ọdún 2021. Nínú ẹni mẹ́rin tó kú bẹ́ẹ̀, ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ tó bá ń rì yóò pariwo, yóò sì máa fi ọwọ́ lu omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí omi ti bo ẹnu rẹ̀ kò ní èémí tí yóò fi ké. Ó lè rì láìsí ariwo, nígbà tí àwọn àgbà wà nítòsí tí wọ́n ń sun ẹran tàbí tí wọ́n ń ya fọ́tò. Orí ọmọ kékeré tún wúwo púpọ̀ fún ìyókù ara rẹ̀. Bí ó bá ṣubú tó dojú bolẹ̀ nínú omi tí kò kọjá agbedeméjì ojúgun àgbà, ó lè má lè dìde fúnra rẹ̀.

Nínú ìgbafẹ́ ìdílé ńlá, olúkúlùkù máa ń gbà pé ẹlòmíràn ló ń wo ọmọ. Àgbà mẹ́fà lè jókòó síbẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń wò ó. Nítorí náà, ẹnì kan pàtó ni kí wọ́n yàn. Kí ẹni náà má mu ọtí, kí ó fi fóònù sí àpò, kí ó sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ọmọ. Bí ẹlòmíràn yóò bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́ fún ara wọn. Rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré nínú omi kò lè rọ́pò èyí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, láífù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara ọmọ mu ni kí wọ́n wọ̀ fún un. Ti àgbà máa ń yọ kúrò lára ọmọ kékeré.

Bí wọ́n bá yọ ọmọ nínú omi tí kò sì mí, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, tàbí kí wọ́n máa tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò, ó sì lè mú kí èébì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ ni ọmọ náà nílò. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó dojú sókè, kí wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Fún ìkókó, ẹnu àgbà yóò bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀. Fún ọmọ tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n di imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30 kíákíá, kí wọ́n tún fẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mí tàbí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Bí ọmọ náà tilẹ̀ sọjí tó ń sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, nítorí omi tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ní Awhum, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Inú odò tó ń ṣàn láàárín àpáta ni àwọn àlejò ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí omi ti ń já wálẹ̀. Àsìkò òjò sì ni ìsinmi yìí bọ́ sí. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, omi lè kún lójijì níbi tí ẹ̀kán òjò kan kò tíì kán sí. Bí omi náà bá yí àwọ̀ padà tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewé àti igi wá, kí wọ́n gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ti ẹ̀fọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: àpò ẹ̀fọn ni kí ọmọ sùn sí, ní ilé ìtura pàápàá. Kí òbí sì wo káàdì àjẹsára bóyá ọmọ ti gba ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí wọ́n ń gbà ní oṣù mẹ́sàn-án. Ibà náà bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Enugu ní ọdún 2020, ó sì pa ènìyàn.

Ewu kejì ni àrùn tí Yorùbá ń pè ní àtọ̀sí ajá. Orúkọ náà kò bá a mu rárá: kì í ṣe ọ̀dọ̀ ajá ni ó ti wá, kò sì bá àtọ̀sí tí wọ́n ń kó nínú ìbálòpọ̀ tan. Ìtìjú tí orúkọ yìí ń fà lè mú kí òbí fi àìsàn ọmọ pamọ́. Aràn tín-ín-rín kan ló ń fà á, èyí tí dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Theodor Bilharz, kọ́kọ́ ṣàwárí ní ìlú Cairo ní ọdún 1851.

Bí ẹni tó ní àrùn náà bá tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn yóò pa, ọmọ rẹ̀ yóò sì wọ inú ìgbín kéékèèké tó ń gbé láàárín koríko inú omi. Wọ́n kì í ṣe ìṣáwùrú tí wọ́n ń fi sebẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, aràn náà yóò jáde kúrò nínú ìgbín, yóò sì máa wá ara ènìyàn, pàápàá ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn mú. Kò nílò ojú egbò, kò sì dìgbà tí ọmọ bá mu omi náà. Kí ọmọ kan ti ẹsẹ̀ bọ omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ yóò máa dínkù, kò sì ní dàgbà bó ti yẹ. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́.

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí pọ̀ sí jù lágbàáyé. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1989 ṣàlàyé bí ó ṣe ń tàn ní abúlé Amagunze, ní ìpínlẹ̀ Enugu kan náà. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn abúlé tó yí ìdídò Ọ̀yán ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ adágún tó ní i àti èyí tí kò ní i. Omi tó mọ́ gaara lè gbé e. Kò sí nínú òkun, kò sì sí nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìtura tí wọ́n bá ń fi kílórínì sí i bó ti yẹ. Nítorí náà, kí ọmọ jókòó létí adágún kó máa wo ẹyẹ, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó sì lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ilé ìtura. Omi adágún tí wọ́n bá fẹ́ fi wẹ̀ fún un, kí wọ́n sè é, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó dúró nínú garawa fún ọjọ́ méjì gbáko.

Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, láti ọdún márùn-ún sókè, ni ètò pínpín rẹ̀ máa ń fojú sùn, àwọn ọmọ kéékèèké sì ti ń bọ́ sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 2022, WHO dá a lábàá pé kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ láti ọdún méjì lọ.

Bí ọmọ bá ti wọ inú adágún, àyẹ̀wò ní ọ̀la rẹ̀ kò lè fi nǹkan kan hàn, nítorí aràn náà kò tíì yé ẹyin, oògùn náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ran èyí tí kò tíì gbó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí wọ́n mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ọmọ tó wọ omi ní àárín oṣù Kẹjọ, ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni àyẹ̀wò rẹ̀ bọ́ sí, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé, tí ọ̀rọ̀ adágún sì ti kúrò lọ́kàn gbogbo ènìyàn nílé. Kí òbí kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ó sì dárúkọ omi náà fún dókítà.